Òwú Mẹ́jọ Nínú Agolo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi. Ìwé márùn-ún ni mo kà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dá mi padà sílé. Ilé ìjọsìn ni mo ti wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, lọ́wọ́ màmá kan tó máa ń kọ́ àwa tí a ti dàgbà lẹ́yìn ìsìn. Ọwọ́ mi kò tíì mọ́ bírò dáadáa. Tí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ rọra máa kà á lọ, ẹ ó bá mi níwájú.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ló ní kí n kọ ìtàn yìí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn fúnra wọn bá mi kọ ọ́, wọ́n ní rárá, pé bí ẹlòmíràn bá kọ ọ́, yóò dùn ju bó ṣe rí lọ.

Ogida, nínú ìlú Bìní, ni mò ń gbé pẹ̀lú ìyá tó bí ìyá mi. Ní àárọ̀, mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní àdúgbò wa. Mi ò tíì mọ aṣọ gé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n rán bọ́tìnnì, kí n pa etí aṣọ, kí n sì gé gbogbo òwú tó bá yọ sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé òwú kan péré tó bá ń mì lára aṣọ ti tó láti ba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta jẹ́. Nítorí náà, tí ojú mi bá ti rí òwú, ọwọ́ mi á ti máa wá àlùmọ́gàjí. Ẹ rántí èyí, nítorí òun ló kó mi sí wàhálà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, mo máa ń lọ gbálẹ̀ ní yàrá ẹgbẹ́ kan ní Ogbe. Ẹgbẹ́ kékeré ni. Àwọn ọmọ Yorùbá tí òbí wọn tàbí òbí òbí wọn wá ṣòwò sí Bìní ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ń kó nǹkan tí àwọn ará ìṣáájú fi ṣòwò, fi gbé ilé, fi sin Ọlọ́run ní ìlú yìí jọ, kí ó má baà parẹ́. Fọ́tò wà níbẹ̀, àtùpà wà níbẹ̀, ìwé orin tí èkúté ti jẹ etí rẹ̀ wà níbẹ̀, abọ́ tí wọ́n fi ń wọn gàrí náà wà níbẹ̀. Yàrá méjì ló gba gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn ilé bàbá ará Bìní kan tó yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹgbẹ́ nítorí pé ọmọ Yorùbá ni ìyàwó rẹ̀ tó ti kú.

Òrùlé yàrá yẹn ń jò. Ní àsìkò òjò tó kọjá, omi wọ inú àpótí fọ́tò kan. Èmi ni mo sá wọn sí oòrùn. Ojú àwọn ènìyàn inú wọn ti wú, ó sì ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ọjọ́ yẹn ni Alága sọ pé bí òjò bá tún wọ yàrá náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí olúkúlùkù wá kó ohun tí ìdílé rẹ̀ mú wá, kí ẹgbẹ́ tú ká. Wọn kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣeré.

Àsìkò yẹn ni Akọ̀wé gbọ́ nípa owó ìrànwọ́. Àjọ kan ló fẹ́ ran àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó ń tọ́jú ìtàn ìlú lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò kọ fọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn yóò pàdé nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí Ring Road ní ọjọ́ Sátidé, wọn yóò pàtẹ ohun tí wọ́n ní sórí tábìlì, àwọn olùyẹ̀wò yóò sì máa lọ láti tábìlì kan sí òmíràn, wọn yóò máa béèrè ọ̀rọ̀. Akọ̀wé, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ni wọ́n kọ fọ́ọ̀mù tiwa lédè Gẹ̀ẹ́sì. Òrùlé la tọrọ, àti kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣe é tì pa.

Kò sí ẹni tó ka fọ́ọ̀mù yẹn fún mi, èmi náà kò sì béèrè. Onítìjú ni mí. Tí wọ́n bá ń ṣèpàdé, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń jókòó sí, ìgbálẹ̀ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tí àfihàn náà máa wáyé, Alága wọlé bá mi. Ohun èlò ìkọ́lé ni wọ́n ń tà, ohùn wọn sì máa ń ṣáájú wọn wọlé.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o rí àwọn kíjìpá tó wà nínú àpótí pákó yẹn? Àwọn la máa tẹ́ síwájú. Tún wọn ṣe kí wọ́n rí bí aṣọ. Mi ò fẹ́ kí àlejò rò pé àkísà la kó wá."

"Ó dáa, sà."

"Kí lò ń sọ sínú ihò imú? Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Kíjìpá mẹ́jọ ló wà nínú àpótí náà. Aṣọ òwú tó nípọn ni, tí àwọn obìnrin máa ń hun nílé. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ń kó irú rẹ̀ wá sí Bìní nígbà tí màmá mi àgbà ṣì ń ná ọjà. Mo gbọ̀n wọ́n, mo sá wọn sí afẹ́fẹ́, mo fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ pa àbàwọ́n tó wà lára wọn, mo sì lọ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n gbẹ. Lára ọ̀kan, mo rí ibi tí ẹnì kan ti fi òwú dí ihò kékeré kan, iṣẹ́ náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ìka pa á lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ ní igun aṣọ kọ̀ọ̀kan, òwú kan ń mì. Pupa ni òmíràn, aró ni òmíràn, òmíràn funfun tó ti di bí àwọ̀ tíì. Wọ́n ti ta kókó sí wọn, kókó méjì, kókó mẹ́ta, kókó mẹ́rin, ọ̀kan tiẹ̀ yí bí irun dídì. Lójú tèmi, ìdọ̀tí ni. Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé wọn, kẹ́, kẹ́, kẹ́, títí ó fi pé mẹ́jọ. Nítorí pé màmá mi àgbà kì í jẹ́ kí a da òwú nù, mo kó wọn sínú agolo mílíìkì kan tó ṣófo. Lẹ́yìn náà ni mo ká aṣọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mo tò wọ́n lé ara wọn, etí kò yọ ju etí lọ. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo tiẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà, mo tún bojú wẹ̀yìn wò wọ́n kí n tó ti ilẹ̀kùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Akọ̀wé gba ibi iṣẹ́ kọjá sí yàrá, káàdì báńkì ṣì wà lọ́rùn wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n tú aṣọ àkọ́kọ́, wọ́n wo igun rẹ̀, wọ́n wo igun kejì. Wọ́n tú aṣọ kejì.

"Òwú etí rẹ̀ dà?"

"Mo ti gé e, mà. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mà."

Wọ́n jókòó sórí àpótí. Wọn kò pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, ì bá sàn fún mi. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí nínú yàrá tí mò ń gbá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Wọ́n ní obìnrin mẹ́jọ ló máa ń kó kíjìpá wá láti Ọ̀wọ̀ sí Oba Market nínú lọ́rì kan. Ìdì kan náà ni wọ́n máa ń di gbogbo ẹrù wọn sí, kí owó ọkọ̀ lè rọjú. Kò sí ẹni tó mọ̀wé nínú wọn, nítorí náà olúkúlùkù ní òwú tirẹ̀ àti bí ó ṣe ń ta kókó rẹ̀. Tí wọ́n bá dé, tí wọ́n tú ìdì, ìka ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni aṣọ. Nígbà tí léèsì àti àǹkárá gba ọjà lọ́wọ́ kíjìpá, tí wọ́n fẹ́ túká, ọ̀kan nínú wọn ra aṣọ kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó fi ọ̀kan tirẹ̀ kún un, ó sì kó wọn sínú àpótí pákó. Kò ró ọ̀kankan nínú wọn. Nígbà tó darúgbó, ó kó wọn fún ẹgbẹ́.

"Màmá yẹn fẹ́ sọ ẹni tó ni òwú kọ̀ọ̀kan fún mi," ni Akọ̀wé wí. "Mo ní mà á wá lọ́sẹ̀ kejì. Báńkì ò jẹ́ kí n ráyè. Nígbà tí mo máa fi dé ibẹ̀, wọ́n ti kú. Ohun tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù nìyẹn. Mo ní òwú yẹn ni ìwé àwọn tí kò mọ̀wé, pé kò sí ẹgbẹ́ mìíràn ní gbogbo Bìní tó ní irú rẹ̀. Òun la fi tọrọ òrùlé."

Mo lọ gbé agolo náà wá, mo sì nà án sí wọn.

"Mi ò dà á nù, mà."

Wọ́n tú wọn sí àtẹ́lẹwọ́. Òwú mẹ́jọ ló pé, kókó kankan kò sì tú. Àmọ́ èwo ló wà lára èwo? Mo ti gé wọn papọ̀ sínú agolo kan. Ìgbà yẹn ni ohun tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ tí mo ti ń gbálẹ̀ níbẹ̀ jáde lẹ́nu mi.

"Màmá mi àgbà ta kíjìpá ní Oba Market, mà. Láti Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ń kó o."

Akọ̀wé gbójú sókè. "Láti ìgbà tí o ti ń bọ̀ níbí? O ò sì sọ?"

"Ẹ ò bi mí, mà."

Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò fi rí wọn fín. Bí ó ṣe rí ni mo sọ ọ́. Wọ́n wò mí pẹ́, wọ́n sì mi orí. "Òótọ́ ni," ni wọ́n wí. "A ò bi ọ́."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a gbé kíjìpá mẹ́jọ náà wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ogida. Orí ìjókòó lẹ́bàá fèrèsé ni a bá màmá mi àgbà, nítorí orúnkún wọn kì í jẹ́ kí wọ́n rìn jìnnà mọ́.

"Orogún mi, ta lò ń mú bọ̀ yìí?" Bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn. "Àbí wọ́n ti lé ọ níbi iṣẹ́, ọ̀gá rẹ wá fà ọ́ lé mi lọ́wọ́?"

"Wọn ò tíì lé mi, Màmá."

"Ó kù díẹ̀ nìyẹn. Ẹ jókòó, ìyá mi. Àga yẹn ń mì, àmọ́ kì í ṣubú."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná. A sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún Màmá. Wọ́n gba agolo, wọ́n pa ojú wọn dé, wọ́n sì mú òwú kan láàárín ìka méjì.

"Háà. Ẹlẹ́nu mímú rè é. Ó máa ń bú dírẹ́bà láti Ọ̀wọ̀ títí tí a ó fi wọ Bìní. Dírẹ́bà á ní, 'Màmá, ẹ jẹ́ kí n rí ọ̀nà.' Á ní, 'Ṣé ẹnu mi ló bo ojú rẹ ni?'" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú wọn. "Ẹ fún mi ní aṣọ rẹ̀. Òun ló fẹ́ràn ìlà pupa. Òun nìyẹn, tí ẹ kà ṣe ẹ̀kẹta."

Bí wọ́n ṣe ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Wọ́n mọ ti ẹni tó gbé àpótí náà sílẹ̀, nítorí òun nìkan ló ń ta kókó mẹ́rin. Wọ́n mọ ti ìyá ìbejì kan, wọ́n mọ ti ẹnì kan tí kò gbọ́ràn dáadáa, wọ́n mọ ti ẹnì kan tó máa ń sùn lórí ìdì aṣọ láti ibẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò dé òpin. Olúkúlùkù nínú àwọn márùn-ún yìí ló ní ahunṣọ tirẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, Màmá sì dá ọwọ́ ahunṣọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ lára aṣọ. Àmọ́ nígbà tí ó ku òwú mẹ́ta, wọ́n mú ọ̀kan, òwú aró tó yí bí irun dídì, ọwọ́ wọn sì dúró.

"Tèmi rè é."

Mo wo òwú náà lọ́wọ́ wọn. Mo rántí bí àlùmọ́gàjí ṣe dún.

"Èwo wá ni aṣọ yín nínú mẹ́ta yìí, Màmá?" ni Akọ̀wé bi wọ́n.

Wọ́n tẹ́ aṣọ mẹ́ta náà sórí itan. Wọn kò rí ibi ihò tí wọ́n ti dí, èmi náà kò sì rántí fi hàn wọ́n. Aró pẹ̀lú funfun ni gbogbo wọn, ìlà kan náà, ìbú kan náà.

"Mi ò lè mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan ṣoṣo ló ń hun aṣọ fún àwa mẹ́ta yìí. Kí lẹ rò pé ó jẹ́ kí a máa so òwú mọ́ ọn?"

Akọ̀wé pe Alága lórí fóònù, ohùn Alága sì kún yàrá wa. "Ẹ rán gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn jàre! Ta ló fẹ́ mọ̀? Ṣé àwọn olùyẹ̀wò yẹn bá wọn wọ lọ́rì ni?"

Màmá ní, "Bàbá yìí ì bá ṣe alájàpá dáadáa. Á ti tà wá tán kí a tó dé Bìní."

Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n sì yí sí mi. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀. "Òrùlé yẹn, ọmọ mi. Òjò ò ní í dúró dè wá. Rán mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ìwọ lọwọ́ rẹ mọ́ abẹ́rẹ́." Wọ́n dìde, wọ́n padà sí ibi iṣẹ́.

Màmá ti ń tòògbé lórí ìjókòó wọn. Mo rán márùn-ún tó dájú, mo fi abẹ́rẹ́ tó kéré jù lọ rán an, sí ojú ibi tí mo ti gé e gan-an, nítorí kùkùté òwú kọ̀ọ̀kan ṣì wà lára aṣọ. Mo gbìyànjú láti fi kùkùté yẹn mọ ti mẹ́ta tó kù. Àmọ́ aró ni òwú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ sì ti sọ gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ kan náà.

Mo mú òwú Màmá. Mo fi í sí igun ọ̀kan nínú aṣọ mẹ́ta náà, ó bá a mu. Mo fi í sí igun èkejì, ó bá a mu. Òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín: ó wù mí. Ó wù mí kí n dúró nínú gbọ̀ngàn yẹn kí n mọ̀ nínú ara mi pé aṣọ màmá mi àgbà ló wà lórí tábìlì. Mo ti gún abẹ́rẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà yẹn ni ó wá sí mi lọ́kàn pé àìmọ̀ ni mo fi gé e. Bí mo bá wá rán an mọ́ ibi tí kò dá mi lójú, ìyẹn kì í ṣe àìmọ̀ mọ́. Mo yọ abẹ́rẹ́. Mo dá òwú mẹ́ta náà padà sínú agolo.

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn náà kún. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú yàrà àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà tó gùn bí ẹní. Ìdílé àwọn tó ń rọ idẹ kó irinṣẹ́ bàbá bàbá wọn wá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa gan-an ni tábìlì àwọn ìyá ará Bìní kan wà, wọ́n pàtẹ ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Màmá ní dandan ni kí àwọn wá, a sì fi àga oníke kan sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì fún wọn.

Alága tú aṣọ kan, wọ́n tú èkejì, ojú wọn sì le. "Kí lèyí? Mẹ́ta ò ní òwú! Ṣé bí a ṣe sọ ọ́ nìyí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mẹ́ta yẹn ò dájú."

"Ta ló bi ọ́ ní ohun tó dájú? Láti ọjọ́ tí o ti ń gbálẹ̀, o ò sọ̀rọ̀ rí. Òní lo wá yàn láti gbọ́n!" Wọ́n gba agolo lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ tábìlì. Akọ̀wé wò mí. Mo rò pé wọn yóò bá mi wí. Wọ́n kàn tún aṣọ orí tábìlì tò.

Àwọn olùyẹ̀wò mẹ́ta dé. Obìnrin kan ni olórí wọn, irun rẹ̀ ti funfun díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe kí Màmá lórí ìdúró, tó tẹ orúnkún, ni mo ti mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni. Ó ti ka fọ́ọ̀mù wa, nítorí igun aṣọ ló kọ́kọ́ gbé sókè. Ó wo márùn-ún. Ó wo mẹ́ta.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

Alága wú ikọ́. "Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́, mà. Ó ti já bọ́."

Ilẹ̀ ni mò ń wò. Bàtà olùyẹ̀wò náà ni mo bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ojú rẹ̀.

"Kò já, mà. Èmi ni mo gé e."

Mo wọ abẹ́ tábìlì, mo gbé agolo jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ bó ṣe tò. Mo sọ nípa aránṣọ, mo sọ nípa àlùmọ́gàjí, mo sọ pé Màmá mọ márùn-ún, pé mẹ́ta jọ ara wọn, pé ọ̀kan nínú òwú inú agolo jẹ́ ti Màmá gan-an àmọ́ wọn ò lè fi ìka tọ́ka sí aṣọ wọn, pé ọ̀kan nínú aṣọ mẹ́ta yẹn ní ihò kékeré tí wọ́n ti dí.

Ibi ihò yẹn ni mo dé tí ìyá kan fi dìde níbi tábìlì iyùn. Arúgbó ni, ó di ọ̀pá mú.

"Which one get hole? Show me, my pikin."

Mo tẹ́ ẹ fún un. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fi ìka wá ibẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Na me burn am!"

Yorùbá ọjà àti Pidgin ló fi ṣàlàyé. Àtùpà lòun ń tà nígbà náà, iwájú àwọn oníkíjìpá gan-an ni ìsọ̀ òun wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun ń dán àtùpà wò fún oníbàárà, iná ta sórí aṣọ obìnrin pupa kan tó ga. Òun dọ̀bálẹ̀ bẹ obìnrin náà bí ọkùnrin.

Màmá sì ti ń pariwo láti orí àga. "Ìwọ nìyẹn! Alátùpà! O jó aṣọ ọ̀rẹ́ mi, o ò tíì sanwó!"

"Mama, you still dey alive?"

"Mò ń dúró kí o wá sanwó ni!"

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku ẹnì kan. Àwọn ìyá méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú, wọn kò sì tètè jù ú sílẹ̀. Màmá mú òwú ọ̀rẹ́ wọn tó ga náà jáde nínú agolo, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo rán an mọ́ aṣọ rẹ̀ níbẹ̀, lójú àwọn olùyẹ̀wò. Ó wá ku méjì.

Olórí àwọn olùyẹ̀wò kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Kò yìn mí. Ohun tó sọ, Alága àti Akọ̀wé ló sọ ọ́ fún. "Ẹ gbé àlùmọ́gàjí lé ọmọ yìí lọ́wọ́, ẹ ò sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún un. Kí ẹ tó tún fi nǹkan kan pamọ́, ẹ kọ ohun tó jẹ́ sílẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ka àwọn tí wọ́n máa ràn lọ́wọ́. Wọ́n ka ẹgbẹ́ yàrà, wọ́n ka àwọn tó ń rọ idẹ, wọ́n ka àwọn ìyá oníyùn. Mo ti ń di aṣọ sínú àpótí nígbà tí mo gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ wa. Wọ́n gbà láti ṣe òrùlé. Kọ́bọ́ọ̀dù kò tíì sí níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò padà wá wò ó nígbà tí a bá ti kọ ìtàn nǹkan kọ̀ọ̀kan tí a ní sílẹ̀, láti ẹnu àwọn tó ṣì wà láàyè.

Akọ̀wé gbá mi mọ́ra, káàdì ọrùn wọn gún mi láyà. Alága dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wọn lọ́wọ́.

"Ahọ́n rẹ gùn tó báyìí," ni wọ́n wí, "o wá fi pamọ́ sẹ́nu ọ̀nà láti ọjọ́ yìí?" Lẹ́yìn náà, wọ́n rọ ohùn wọn sílẹ̀. "Má jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò dáa."

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa padà sí Ogida, mo bi Màmá bóyá ó dùn wọ́n pé a kò mọ aṣọ wọn.

"Kí ló máa dùn mí níbẹ̀? Ọ̀kan nínú méjì ni. Mo ti ń sún mọ́ ọn." Wọ́n fi èjìká gbá mi. "Àmọ́ o gé orí mi kúrò lọ́rùn o, orogún."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Mo jí kí Màmá tó jí, mo wọ aṣọ ìjọsìn mi, mo sì kọ́kọ́ yà sí Ogbe, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣí fèrèsé. Mo mú òwú méjì tó kù nínú agolo, mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpòòwé tirẹ̀. Mo jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n fi ń ṣèpàdé, mo mú bírò, mo sì kọ sára ti àkọ́kọ́ bí mo ṣe lè kọ ọ́ kí ó hàn: "Òwú màmá mi àgbà nìyí. A kò tíì mọ aṣọ wọn nínú méjì. Èmi ni mo gé e." Mo kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní kíkún. Sára èkejì, mo kọ pé òwú ọ̀rẹ́ wọn ni. Mo gbé àpòòwé méjèèjì lé orí aṣọ méjèèjì nínú àpótí, mo dé e, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì lọ bá wọn ní ìsìn.